Ọ̀RỌ̀ ORIN NÌKAN KỌ́ NI ORIN

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Yorùbá, orí kan kì í ṣàìsí tí ó dá lórí orin ìbílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí orí náà yóò bá ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá níbẹ̀, tí a tò sí abẹ́ ara wọn bí ẹni to ewì. Lẹ́yìn náà ni àlàyé àkóónú, lẹ́yìn àlàyé ni ìbéèrè. Níbo ni àwítúnwí wà nínú orin yìí? Irú àkànlò-èdè wo ni ó wà ní ìlà kẹta? Ẹ̀kọ́ wo ni orin náà kọ́ wa? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́n yóò dáhùn gbogbo rẹ̀, yóò sì gba máàkì rẹ̀ pé pérépéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó dìde kí ó kọ orin náà, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. Kò gbọ́ ọ rí. Ìwé tí ó fi kẹ́kọ̀ọ́ kò sọ bí wọ́n ti ń gbé e, olùkọ́ tí ó ka ìwé náà fún un kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó sì ṣe ìbéèrè kò bìkítà.

Àṣìṣe ńlá ni èyí, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn kan ti ń pè é ní àṣà. Orin kì í ṣe ewì tí ẹnìkan gbàgbé láti kà. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, tí ó sì mú un yàtọ̀ sí oríkì tí a ń kì, ni bí a ti ń gbé e. Ẹni tí ó bá yọ èyí kúrò, tí ó wá ń kọ́ ọmọ ní ìyókù, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń ka orúkọ ọbẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa.

Ní ayé àtijọ́, àwọn òǹkọ̀wé ní àwáwí tí ó nídìí. Láti tẹ orin sínú ìwé, ó di dandan kí wọ́n wá ẹni tí ó mọ ìlà márùn-ún tí àwọn Òyìnbó ń kọ orin sí, kí wọ́n san owó fún un, kí ilé-ìtẹ̀wé sì ní irin-iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ á wá gbówó lórí bí ìwé ńlá. Àwáwí náà ti kú. Lónìí, ẹni tí ó bá lè tẹ lẹ́tà sí fóònù lè fi lẹ́tà A dé G kọ orin, kí ó gbé e sí ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ojú-ewé náà ya ìlà márùn-ún fún un lójú-ẹsẹ̀, kí ó sì kọ orin náà sí i létí. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, yóò pa lẹ́tà kan rẹ́, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, yóò tún gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ni kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó dátà nìkan ni ènìyàn yóò san.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pin sí ọ̀kan. Èyí tí ó rọrùn jù fún olùkọ́ èdè ni èyí tí wọ́n ń pè ní abc. Chris Walshaw, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe é, ó sì gbé ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìlànà rẹ̀ tí a ń pè ní 2.1 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Orin ijó àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í kọ. Lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú orin bẹ́ẹ̀ ni ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè mú, kí ó gbọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Òmíràn ni LilyPond, tí ọmọ ilẹ̀ Netherlands méjì bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ó dára ju abc lọ fún ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún olùkọ́ tí kíláàsì mẹ́fà ń dúró dè láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà a ó fi sílẹ̀ níbí.

Ìlà díẹ̀ ni orí àkọsílẹ̀ abc ní. X ni nọ́ńbà orin, T ni àkọlé, M ni ìdíwọ̀n bí ìlù ṣe ń lọ, L ni gígùn ohùn kan, K ni ibi tí orin fìdí lé. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ohùn yóò tẹ̀lé: C, D, E, F, G, A, B. Ohùn tí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń fi lẹ́tà kékeré kọ, èyí tí ó bá rẹlẹ̀ jù ni a ń fi kọ́mà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà z dúró fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú w kékeré ni ti ọ̀rọ̀, níbi tí a ti ń fi àmì kékeré yìí (-) pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, kí sílébù kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sí abẹ́ ohùn tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ dùùrù lásán ni èyí, ẹ̀kọ́ tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀ bí orúkọ ara rẹ̀ nìyí nínú rẹ̀:

X:1
T:Igba mẹ́rin
M:2/4
L:1/4
K:C
D D | D E | D C | C C |]
w: i-gba i-gbá i-gbà ì-gbà

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́: re re, re mí, re dò, dò dò. Ọmọ tí ó ti ń pa àmì ohùn pọ̀ láti ọdún méjì, tí ó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, yóò gbọ́ ìyàtọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì jẹ́ pé olùkọ́ ha ọ̀fun. Bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí E padà sí C nínú ìlà náà, etí rẹ̀ yóò sọ fún un pé igbá ti di igbà, pé ohun tí a fi ń bu omi ti di ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ní Òkìtìpupa, níbi tí oko ọ̀pẹ ti pọ̀, kò sí ọmọ tí yóò béèrè ohun tí igbà jẹ́.

(Ó yẹ kí á kìlọ̀ níbí. Dò, re, mí tí olùkọ́ èdè ń lò kì í ṣe ti olórin. Ohùn òkè ọkùnrin lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ, síbẹ̀ òkè ni òkè, ìsàlẹ̀ ni ìsàlẹ̀; bí ohùn ṣe rí sí ohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èdè ń wò. Olùkọ́ tí kò bá ṣàlàyé èyí yóò tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ fún kíláàsì.)

Àwọn tí ó ń tako ọ̀nà yìí pọ̀, wọn kò sì fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní nǹkan Òyìnbó tuntun ni. Àwọn wọ̀nyí gbàgbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ wọn ní alẹ́ ọjọ́ ìdánrawò. Ẹni tí ó bá wọ ibi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní Òkìtìpupa, ní Ìgbòtàkó tàbí ní Ìlútitun, tàbí níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé tí ó ṣeé ṣe kí ó bá lọ́wọ́ wọn ni èyí tí a fi d, r, m, f, s, l, t kọ, tí a fi àmì méjì (:) pín ìlù rẹ̀, tí wọ́n ti dà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ débi pé a kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ mọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe orin tí a fi lẹ́tà kọ? Obìnrin kan ní ìlú Norwich, Sarah Glover, ni ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà kọ́ àwọn ọmọdé ní orin báyìí. John Curwen, tí ó kú ní 1880, ni ó tún un ṣe tí ó sọ ọ́ di tonic sol-fa. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó sì gbé e káàkiri ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Sol-fa ni Enoch Sontonga, olùkọ́ ní South Africa, fi kọ orin Nkosi Sikelel' iAfrika sílẹ̀ ní 1897, orin tí ó wá di apá kan orin orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, àwọn baba wa ti ń fi lẹ́tà kọ orin kí ẹnikẹ́ni tó bí ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò sí nígbà náà ni etí tí yóò gbọ́ àṣìṣe nínú ìwé kí ó tó dé ẹnu akọrin ogójì. Bí ẹni tí ó ń da orin kọ bá fi s sí ibi tí f yẹ kí ó wà, ẹni tí ó bá da tirẹ̀ kọ yóò dà á bẹ́ẹ̀, ìjọ mẹ́ta yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì di òótọ́. Ojú-ewé tí ń kọ orin kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ rin jìnnà, bí olórí akọrin bá ní etí.

Iṣẹ́ tí ó sì wà láàárín sol-fa àti abc kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. K:C ni kí ènìyàn lò. Nígbà náà d di C, r di D, m di E, f di F, s di G, l di A, t di B. Bí orin bá ga jù fún àwọn obìnrin, ó yẹ kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì wá ojú-ewé tí ó lè gbé gbogbo orin sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó wà. Lílé àti ègbè náà kò ṣòro. V:1 ni a ó pè ní Lílé, V:2 ni a ó pè ní Ègbè, ẹ̀rọ yóò sì kọ wọ́n bí a ti ń kọ wọ́n, kí ọ̀kan dákẹ́ kí èkejì gbà á.

Àwọn kejì ní ọ̀rọ̀ orin kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè. Wọ́n ní kí á fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ orin, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní i. Èyí ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn olùkọ́ Yorùbá fúnra wọn ni ó ń sọ ọ́. Nínú èdè tí ohùn ń sọ ìtumọ̀, ta ni ó tún lè sọ bóyá orin gbé ọ̀rọ̀ tàbí ó pa á? Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 dé 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, ó fi hàn pé ohùn èdè àti ohùn orin kì í ṣe àlejò sí ara wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n wá fi ipá wọ̀ sórí ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹ̀rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ orin kò mọ ohùn èdè: ẹnu ń sọ ohun kan, etí ń gbọ́ ohun mìíràn. Ephraim Amu ní Ghana, tí ìwé orin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1932, rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ nínú èdè tirẹ̀, ó sì wá ojútùú sí i. Olùkọ́ ni Amu. Kò dúró de ẹni tí yóò wá bá a ṣe é.

Nísinsìnyí, kí á padà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ìkálẹ̀ ní bírípo, ó ní aṣíkò, ó ní orin tí àwọn obìnrin ń kọ níbi ìyàwó, níbi òkú àgbà àti níbi iṣẹ́ epo pupa. Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ Aṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀ fi ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ kọ orin sínú àwo, ayé sì gbọ́ ọ dé ibi tí wọn kò ti mọ ọ̀nà Ìkọ̀yà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ìwé ìdánwò kan tí ó fún irú orin bẹ́ẹ̀ ní ojú-ewé kan. Bí ó bá sì fún un, ọ̀rọ̀ nìkan ni, wọn á sì ti bá a "tún" un ṣe.

Àtúnṣe yìí ni ó yẹ kí á bá jà. Ìwà tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé wa ni pé olóòtú yóò gba orin láti ẹnu àgbà, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní àkọtọ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ní 1974, kí ọmọ má baà kọ ohun tí yóò pàdánù máàkì. Níbi tí àgbà ti kọ "nílé", olóòtú kọ "ní ilé". Níbi tí ó ti kọ "gbọ́mọ", ó kọ "gbé ọmọ". Lójú ìwé, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ọmọ Yorùbá èyíkéyìí mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n kí á gbé e sí abẹ́ ohùn. "Nílé" jẹ́ sílébù méjì, òkè àti òkè. "Ní ilé" jẹ́ mẹ́ta, òkè, àárín, òkè. Ní ìlà w, sílébù tí ó lé yìí yóò gba ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo sílébù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sún sí ọ̀tún lẹ́sẹẹsẹ, ìdajì wọn yóò bọ́ sórí ohùn tí ó yí ìtumọ̀ wọn padà, sílébù ìkẹyìn yóò sì wà láìní ohùn kankan. Ẹni tí ó bá wo ojú-ewé náà yóò rí i bí ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà dà sẹ́yìn. Títí di òní, kò sí ohun tí ó ń fi irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí hàn, nítorí ohùn kò sí nínú ìwé láti jẹ́rìí. Àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní bírò.

Ti ẹ̀ka-èdè tún yàtọ̀ sí èyí. Bí ọmọ Ìkálẹ̀ bá kọ eghó nínú orin, tí olóòtú sọ ọ́ di owó, ohùn orin kò ní sọ̀rọ̀, nítorí àárín àti òkè ni méjèèjì. Ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ láì kọsẹ̀. Ibí ni ẹ̀rọ ti já sí ẹ̀rọ, tí ó sì kù sọ́wọ́ ènìyàn tí ó mọ̀ pé orin Ìkálẹ̀ tí kò ní eghó nínú ti di orin ẹlòmíràn.

Ọ̀kan nínú àtakò náà lágbára, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn tí ó mọ orin dáadáa ní ohùn tí ojú-ewé yìí ń kọ jẹ́ ohùn dùùrù, ìdá méjìlá tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn àgbà obìnrin kì í bọ́ sórí ìdá wọ̀nyẹn ní gbogbo ìgbà. Ó ń yọ́, ó ń gun, ó ń jábọ́, ó ń dúró láàárín méjì. Wọ́n ní ohùn tí ó bá ti ẹ̀rọ jáde yóò sọ etí ọmọ di etí dùùrù. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà ni pé àmì ohùn mẹ́ta tí a ń fi sórí Yorùbá kò sọ gbogbo ohun tí ohùn ń ṣe. Ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ nínú "ìwé" kì í ga lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbólóhùn gígùn sì máa ń rẹlẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ. Àmì kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan tí ó ti ìtorí èyí sọ pé kí á má fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí àkọsílẹ̀ àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ máa rìn pọ̀. Ìlù náà wà níbẹ̀. Akin Euba lo ìwé odidi kan, tí ó jáde ní 1990, lórí ìlù dùndún nìkan, ẹni tí ó bá sì kà á yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà w kan.

Ẹni tí ó bá wá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí a ti ní àwo àti fídíò, kí ni a tún ń kọ sílẹ̀ fún, kò tíì gbìyànjú láti fi àwo kọ́ ọmọ ọgọ́ta. Àwo kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé. Kò ṣeé fà yọ ní ìlà kẹta. A kò lè fi orin Òde-Ìrèlè sí ẹ̀gbẹ́ ti Òde-Erínjẹ nínú rẹ̀ kí á rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bí a bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí fóònù jẹ dátà púpọ̀. Àkọsílẹ̀ abc rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lè gbé e: lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, ó ń sọ̀kalẹ̀ sí 70 bí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn bá wọ inú rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ bí mélòó kan sì tó fún orin kúkúrú. Olùkọ́ tí iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ lè fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó bá dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Ètò kan tí ń jẹ́ EasyABC sì wà tí a ń gbé sínú kọ̀ǹpútà, tí kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ka fóònù léèwọ̀ fún ọmọ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Fóònù olùkọ́ kan tó fún kíláàsì kan.

Ìdẹkùn kan wà tí ó yẹ kí á mẹ́nu bà, nítorí ó ti mú kí àwọn kan jáwọ́. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní; lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ fi síbẹ̀, kí á tó wá gbé àmì lé e lórí bí ẹni gbé fìlà. Ní àwọn ojú-ewé kan, fìlà yìí máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó di àpótí kékeré. Ojúlówó àkọsílẹ̀ kò bàjẹ́ nítorí èyí. Ìrísí lẹ́tà tí ojú-ewé náà yàn ni kò dára. Ẹni tí ó bá ti ìtorí bẹ́ẹ̀ yọ àmì ohùn kúrò nínú ìlà ọ̀rọ̀ ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí láìsí àmì, kò sí ohun tí a ó fi ohùn orin wé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni orin. Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé bí orin bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò di ti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ìbẹ̀rù náà tọ́, àkọsílẹ̀ abc sì ní ààyè fún un, bí ẹni tí ó ń kọ ọ́ bá jẹ́ olóòótọ́. O ni ìlú tí orin ti wá, S ni ẹni tí a ti gbọ́ ọ, Z ni ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, N ni ohunkóhun tí ó bá yẹ kí á fi kún un. Àgbà tí kò bá fẹ́ kí á dárúkọ òun, a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìlú nìkan tó. Orin awo ni a kò gbọdọ̀ kọ sílẹ̀ rárá, kò sì sí ìdánwò tí ó béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ìyàwó àti orin iṣẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, tí àwọn tí ó mọ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ilẹ̀, kí ni a fi í pamọ́ fún?

Àwọn olùṣètò ìdánwò ni ó lè mú èyí yá. Níwọ̀n ìgbà tí WAEC àti NECO bá ń béèrè ọ̀rọ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ nìkan ni olùkọ́ yóò máa kọ́, nítorí kò sí olùkọ́ tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kùnà. A kò ní kí wọ́n gbé dùùrù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Kí wọ́n tẹ orin ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kí ohùn rẹ̀ wà ní sol-fa lókè, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀ ní ibi tí ohùn rẹ̀ jẹ́ r m, kí wọ́n sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé nínú igba, igbá, igbà àti ìgbà, èwo ni ó lè wọ ibẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ní sílébù méjì tí yóò bá ohùn náà mu. Ọmọ Òkìtìpupa tí ó bá ti gbọ́ igba mẹ́rin lórí fóònù olùkọ́ rẹ̀ kò ní nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ.